Akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì àti Àwọn Tó Ń Sùn Níta: Oúnjẹ ni, Ilé ni, àbí Owó?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ni wá, a tó bí ogún. A fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tó ń sùn níta ládùúgbò ilé ìwé wa, wọ́n sì ti ní kí n ṣe olórí. Èrò wa ni pé ká máa se oúnjẹ lọ pín ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lóṣù, ká ya fọ́tò, ká gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn èèyàn lè máa dáwó sí i. Ẹnì kan nínú wa yarí, ó ní oúnjẹ ò gbé ẹnikẹ́ni kúrò níta rí, ilé ni wọ́n nílò. Ẹlòmíràn ní owó gan-an ni ká máa fún wọn, ká yéé ṣe wọ́n bí ọmọdé. Ta ló tọ̀nà nínú wa? Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ni pé irú ẹgbẹ́ yìí méjì ti wà nílé ìwé wa rí. Àwọn olórí wọn gboyè jáde, ẹgbẹ́ sì kú. Kí la máa ṣe tí tiwa ò fi ní kú?

* * *

ÈSÌ

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn lorí ọ̀rọ̀, mo máa padà sí i. Àmọ́ kí ẹ tó yan oúnjẹ tàbí ilé tàbí owó, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò dárúkọ: ta ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí ẹ tó dé?

Níbi tí èèyàn bá ti ń sùn níta, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ má bá ẹnì kan tó ti ń ṣe nǹkan sí i. Ó lè jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ó lè jẹ́ ilé ìsùn-alẹ́ tó ń gba èèyàn wọlé nírọ̀lẹ́ tí wọ́n á sì jáde láàárọ̀, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé àpótí oògùn rìn kiri. Ẹ lọ bá wọn. Ẹ má gbé oúnjẹ dání lọ, ìwé àti bírò ni kí ẹ mú. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ bi wọ́n. Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni ọwọ́ kì í tó yín? Kí làwọn èèyàn ń kó wá tí ẹ kì í rí lò? Kí ló máa ń tán kó tó kárí?

Ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ kì í sábà yàtọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, olùrànlọ́wọ́ pọ̀ débi pé wọ́n ń fẹsẹ̀ gbún ara wọn. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kì í sẹ́nì kankan. Aṣọ àlòkù ti kún yàrá ìkẹ́rù dẹ́nu. Ohun tó ń tán ni ìbọ̀sẹ̀, àwọ̀tẹ́lẹ̀ tuntun, páàdì obìnrin, ọṣẹ kékeré, ṣájà fóònù. Ẹ ò rí i pé kò sí èyí tó jọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe nínú ìdáhùn yìí?

Ẹ bi àwọn tó ń sùn níta fúnra wọn náà. Ẹ má mú fọ́ọ̀mù dání, ẹ má sì dúró lé wọn lórí bí ọlọ́pàá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín àti ojú wọn dọ́gba, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ béèrè bóyá ẹ lè jókòó. Tó bá ní rárá, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, ẹ máa lọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ tún kọjá níbẹ̀. Ẹni tó lé yín lẹ́ẹ̀mẹta lè pè yín nígbà kẹrin, nítorí ó ti rí i pé ẹ kì í ṣe àwọn tó ń wá lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó pòórá.

Oṣù kan gbáko ni kí ẹ fi ṣe èyí kí ẹ tó pín ohunkóhun.

* * *

Lórí ẹni tó ní ilé ni wọ́n nílò.

Kò purọ́. Lọ́dún 1992, Sam Tsemberis, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, dá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Pathways to Housing sílẹ̀ ní New York, ó sì dorí ètò àtijọ́ kodò. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó ń mutí tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ ò balẹ̀ pé kó kọ́kọ́ gba ìwòsàn kó tó lè rí yàrá. Òun fún wọn ní yàrá ná, ìtọ́jú wá tẹ̀ lé e. Kánádà dán ọ̀nà yìí wò láàárín 2009 sí 2013 ní ìlú márùn-ún, pẹ̀lú nǹkan bí 2,000 èèyàn, àwọn tí wọ́n fún nílé lọ́nà yìí sì pẹ́ nínú ilé ju àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú ètò àtijọ́ lọ. Finland sọ ọ́ di ètò ìjọba ní 2008. Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn pé ilé kọ́ ló ń wo àìnílé sàn, kó lọ ka àbájáde wọn.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín nìyí: akẹ́kọ̀ọ́ ò lè kọ́lé, kò sì lè san owó ilé ẹlòmíràn fún ọdún márùn-ún. Bí ẹ bá fi ilé ṣèlérí, ẹ máa yẹ̀ ẹ́, ẹni tí ẹ ṣèlérí fún ò sì ní gba ẹni tó bá tún dé lẹ́yìn yín gbọ́. Ṣùgbọ́n láàárín ìta àti ilé, ọ̀nà kan wà tó kún fún ìwé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti há. Yàrá lè ṣí sílẹ̀ lónìí, kí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́la nítorí pé ẹni tó kàn ò ní káàdì ìdánimọ̀.

Ẹ wo bó ṣe ń rí. Báàgì rẹ̀ sọnù, tàbí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ mọ́ pàǹtírí nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ àgọ́ mọ́. Ó fẹ́ gba káàdì ìdánimọ̀ tuntun, wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wá. Ó lọ béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, wọ́n ní káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dà. Ó jàjà rí ẹni gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé, wọ́n ní àwọn máa fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì rẹ̀. Àdírẹ́sì wo? Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é lórí fóònù, iná ti tán nínú fóònù láti àná. Wọ́n pa fáìlì rẹ̀ dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè tú ìdè yìí. Àdírẹ́sì lẹ máa kọ́kọ́ wá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìsùn-alẹ́ bóyá wọ́n lè máa gba lẹ́tà fún un. Ní Amẹ́ríkà, ilé ìfìwéránṣẹ́ náà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní General Delivery: lẹ́tà á dúró síbẹ̀ dè é. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí níbi tí wọ́n ti bí i, kì í ṣe níbi tó wà báyìí. Ọ̀pọ̀ àkókò ló ń ṣòfò lórí àṣìṣe kékeré yìí. Káàdì ìdánimọ̀ ló tẹ̀ lé e. Káàdì Social Security ti Amẹ́ríkà, èyí tí nọ́ńbà tí ìjọba fi mọ kálukú wà lára rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi òmíràn rọ́pò èyí tó sọnù, àmọ́ kò lè ju mẹ́ta lọ́dún, kò sì lè ju mẹ́wàá lọ láyé ẹni. Nítorí náà, kí ó má máa gbé e kiri. Nọ́ńbà rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì máa béèrè.

Bí ìwé bá ti pé, ẹ ṣe fọ́tókọ́pì méjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá tó ṣeé dì pa tí omi ò lè wọ̀, èkejì wà nílé ìsùn-alẹ́ tó bá fọwọ́ sí i. Fọ́tò ìwé náà á wà nínú íméèlì tirẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà tó máa rántí ni kó sì fi ṣí i. Fóònù yín kọ́ ni ibùgbé ìwé ẹlòmíràn.

* * *

Òǹkàwé kan dá sí i: «Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lẹ ń gbé fún àwọn ọmọ yìí. Àwọn yẹn kọ́ ọ níwèé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ba ọ̀rọ̀ ẹnì kan jẹ́ ńkọ́?»

Òótọ́ ló wà níbẹ̀, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ìpinnu fún ẹnikẹ́ni, kí ó má gbani nímọ̀ràn lórí ẹjọ́ tàbí oògùn, kí ó má sì buwọ́ lu ohunkóhun. Àmọ́ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tí fáìlì kún orí tábìlì rẹ̀ ò lè bá ẹnì kan tò fún wákàtí mẹ́rin ní ọ́fíìsì káàdì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní kíláàsì lọ́jọ́ Ọjọ́rú lè bá a tò. Òun ló máa rántí ọjọ́, òun ló máa pè é láàárọ̀, òun ló máa jókòó tì í kí wọ́n má baà jágbe mọ́ ọn kó bínú kúrò. Ẹlẹ́gbẹ́ ìrìn ni. Kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà yan ẹni tó fẹ́ kí ẹ bá rìn, kí ẹ sì jíṣẹ́ fún un lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ẹ sì fi èyí sínú òfin ẹgbẹ́: ohun tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu ẹni náà, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e dé àpéjọ ẹgbẹ́. «Ìwé ọkùnrin kan jáde» ti tó fún ìròyìn.

* * *

Ó dáa, oúnjẹ.

Mi ò sọ pé kí ẹ má se é. Ebi kì í dúró de ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ẹ se é nítorí pé òun ló rọrùn jù láti fojú rí. Bí àwọn tó wà nílẹ̀ bá ní oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń sọnù, ẹ gbà á ṣe, kí ẹ ṣe é bó ṣe yẹ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni àkókò. Wọ́n á sè é tán láago mọ́kànlá, wọ́n á dúró de mọ́tò, wọ́n á máa ya fọ́tò, wọn ò ní pín in tán títí di aago mẹ́rin. Oúnjẹ gbígbóná gbọ́dọ̀ gbóná kọjá 60°C títí dé ọwọ́ ẹni tó máa jẹ ẹ́. Èyí tó tutù gbọ́dọ̀ tutù tó 4°C. Láàárín méjèèjì, wákàtí méjì ló lè lò. Bí ojú ọjọ́ bá gbóná ju 32°C lọ, wákàtí kan péré. Ẹ ra tẹmómítà oúnjẹ kan, ẹ fi bọ àárín ìkòkò, kì í ṣe ojú rẹ̀, kí ẹ tó gbéra àti kí ẹ tó ṣí i. Ẹni tó bá yàgbẹ́ gbuuru nínú ilé rẹ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó ń sùn níta ò ní, òǹgbẹ sì lè gbẹ̀mí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí ẹ bá ń retí ọgọ́ta èèyàn: abọ́ 60, ṣíbí 70 nítorí pé yóò já bọ́, omi inú ike 80, àpò ìdalẹ̀nù ńlá mẹ́rin. Èèyàn mẹ́fà ni iṣẹ́ náà gbà. Méjì ń bù, ọ̀kan ń pín omi, ọ̀kan ń gbé tí ẹ dì sílẹ̀ lọ bá àwọn tí kò lè tò (arọ, arúgbó, obìnrin tí ẹ̀rù ń bà láti wọ àárín ọkùnrin), ọ̀kan ń ṣalẹ̀ mọ́. Ẹnì kẹfà ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, ó kàn máa wo gbogbo ibẹ̀ ni. Ipò yẹn làwọn ẹgbẹ́ tuntun kì í fún ẹnikẹ́ni, òun ló sì máa ń rí ìjà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Eyín ọ̀pọ̀ wọn ń ro wọ́n, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní mọ́. Oúnjẹ tó rọ̀ ni kí ẹ sè. Èso líle, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Agolo tó nílò ìṣígolo, ẹ má fún ẹni tí kò ní ìṣígolo. Ẹ kọ ohun tó wà nínú oúnjẹ sára páálí kan níwájú ìkòkò, nítorí ara tó ń kọ oúnjẹ kan àti nítorí ẹ̀sìn.

Àwọn ilé oúnjẹ kan á ní àwọn ń bẹ̀rù ẹjọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da oúnjẹ nù. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti wà láti 1996 tó ń dáàbò bo ẹni tó fi oúnjẹ tọrẹ tinútinú fún ẹgbẹ́ aláàánú, àyàfi tó bá jẹ́ àìbìkítà tó burú jáì tàbí ìkà àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Bill Emerson Good Samaritan Food Donation Act lorúkọ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ mú un lọ bá máníjà wọn.

* * *

«Láìsí fọ́tò, kò sẹ́ni tó máa dáwó.» Ẹni mẹ́rin ló kọ irú èyí sí mi.

Rárá. Lórí èyí, mi ò ní pín in sí méjì. Ẹni tí abọ́ oúnjẹ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ ò lè sọ pé òun ò gbà kí o ya òun. Bẹ́ẹ̀ ni tí ẹ bá gba ìbuwọ́lù rẹ̀ pàápàá. Obìnrin tó sá fún ọkọ tó ń lù ú lè wà nínú fọ́tò yẹn, ọkọ á sì mọ ìlú tó wà, á mọ òpópónà, á mọ ọjọ́ tí ẹ máa ń wá. Ọkùnrin tó ń wáṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbà á sí iṣẹ́ á rí i. Ọmọ kan wà nílé ìwé tí kò tíì sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé níta ni bàbá òun ń sùn.

Ẹ ya páálí ìbọ̀sẹ̀. Ẹ ya ìkòkò. Ẹ ya ọwọ́ tiyín tó ń dì í. Kí ẹ sì kọ iye sí i: ìbọ̀sẹ̀ 140 lóṣù yìí, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí mẹ́ta jáde, alẹ́ mẹ́rin nínú mẹ́rin la wá. Ẹni tó fẹ́ dáwó lóòótọ́ máa ń fẹ́ mọ ibi tí owó rẹ̀ wọlé sí.

* * *

Owó.

Ọ̀rẹ́ yín tó sọ èyí ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Ní Vancouver, wọ́n fún 50 aláìnílé ní 7,500 dọ́là Kánádà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àbájáde tó jáde ní 2023 fi hàn pé ọjọ́ tí wọ́n lò láìnílé dín kù, owó tí wọ́n ná sórí ọtí àti sìgá ò sì lọ sókè. Wọ́n ti kọ́kọ́ yọ àwọn tí oògùn tàbí ọtí ti di bárakú fún gidigidi sẹ́yìn, kí ẹ má gbàgbé ìyẹn nígbà tí ẹ bá ń fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àmọ́ ẹ̀yin ò ní irú owó yẹn. Owó kékeré tí ẹ bá sì ń há níbi ìpíngbà, ọgbọ̀n ojú ló ń wò ó, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, wọ́n lè jà á gbà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fún. Ẹ má há owó lójú gbogbo ayé. Ẹ dá àpò pàjáwìrì kan sílẹ̀: owó mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì, owó káàdì ìdánimọ̀, owó oògùn tí dókítà kọ. Ẹ san án fún ọ́fíìsì tàbí awakọ̀ tààrà. Akápò àti ẹnì kan mìíràn buwọ́ lù ú, ẹ fi òté lé iye tí ẹnì kan lè gbà lóṣù, ẹ sì sọ òté náà fún gbogbo èèyàn kó má baà di ti ojúsàájú.

* * *

Òǹkàwé mìíràn béèrè pé: «Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi pé àwọn aláìnílé wà níbìkan, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò nílé ńkọ́?»

Ó dáa tí ẹ rántí wọn. Ẹni tó máa ń jókòó sí láíbìrì títí wọ́n á fi pa iná, tó ń wẹ̀ níbi eré ìdárayá láàárọ̀, tí báàgì rẹ̀ tóbi ju ti ìwé lọ, tó ń dákẹ́ nígbà tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ ìsinmi nítorí pé wọ́n máa ti ilé ibùgbé pa. Lọ́dún 2016, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì UCLA ní Los Angeles ṣí ilé ìsùn-alẹ́ fún irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń bójú tó o.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ka aláìnílé 771,480 ní alẹ́ kan ṣoṣo lóṣù January 2024. Ọdọọdún ni wọ́n ń kà á, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè forúkọ sílẹ̀ láti bá wọn kà. Ẹni tó ń sùn lórí àga ọ̀rẹ́ rẹ̀ lónìí, tí ọ̀la ò dá a lójú, kò sí nínú iye yẹn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń sọ yìí, ibẹ̀ ni wọ́n wà.

Ẹ má wá wọn kiri, ẹ má sì tọ́ka sí wọn. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní kíkọ sára ògiri níbi gbogbo pé ẹni tí kò bá níbi tó máa sùn lálẹ́ òní, ọ́fíìsì báyìí ni kó lọ, aago báyìí ni wọ́n ń ṣí. Kí ẹ ti rí i dájú pé òótọ́ ni wọ́n ń ṣí. Bí ẹ bá ń pín ọṣẹ àti páàdì, ẹ gbé e síbi tí èèyàn lè mú un láìsọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

* * *

Ààbò, kí n tó gbàgbé.

Ẹ máa rìn ní méjìméjì tàbí mẹ́tamẹ́ta. Ilé ẹni ni àgọ́, bó ti wù kó ya tó. Ẹ má ṣí i, ẹ dúró níta, ẹ pe ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń sùn, ẹ má fọwọ́ kàn án jí. Ẹ dúró sí apá ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́. Ẹni tí wọ́n ti lù lójú oorun rí á kọ́kọ́ ju ìkúùkù kó tó lajú.

Bí òtútù bá mú, ẹ má gbàgbé ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tútù tí èèyàn wọ̀ fún ọjọ́ méjì-mẹ́ta ń ba ẹran ẹsẹ̀ jẹ́ láìjẹ́ pé omi dì, awọ á funfun, á hun jọ, á kú tipiri. Nítorí ẹ̀ ni mo fi ń tẹnu mọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń gbọ̀n nítorí òtútù ṣì ní agbára lára. Ẹni tí kò gbọ̀n mọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́ bíi ti ọ̀mùtí, òun ni kí ẹ pe ọkọ̀ aláìsàn fún. Kí ẹ má sì fún un lọ́tí pé kí ara rẹ̀ lè gbóná.

Níbi tí oògùn olóró bá ti wọ́pọ̀, kí ẹnì kan nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo naloxone tí wọ́n ń fín símú, oògùn tó ń jí ẹni tí oògùn olóró irú heroin ti fẹ́ pa. Ètè tó ń dúdú tàbí tó rí bí eérú, mímí tó ń fà tàbí tó ń hó nínú ọ̀fun, ẹni tí kò dáhùn bí ẹ tilẹ̀ fi eegun ìka ra àyà rẹ̀: ẹ pe ọkọ̀ aláìsàn, ẹ fín in sí ihò imú kan. Tí kò bá jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ fín òmíràn sí ihò kejì. Bó bá ti ń mí, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ dúró tì í. Agbára naloxone lè tán láàárín ọgbọ̀n sí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, kí oògùn olóró tún rì í mọ́lẹ̀ padà. Nítorí náà, bó bá dìde tó ní òun ti dáa, ẹ má tíì lọ.

* * *

Mo padà sí ìbéèrè: báwo ni ẹgbẹ́ ò ṣe ní kú?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard ti ń bójú tó ilé ìsùn-alẹ́ kan lábẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Cambridge, Massachusetts, láti 1983. Ẹ ro iye ìgbà tí gbogbo ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti gboyè lọ tí ọwọ́ mìíràn sì ti gbà á. Lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló sì lọ ṣí òmíràn ní 2015, Y2Y, fún àwọn ọ̀dọ́ ọdún 18 sí 24. Bí mo ṣe rí i, ohun tó mú un dúró ni pé bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ́ lálẹ́ òní. Ẹgbẹ́ tó kàn ń ṣèpàdé lè fo ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Iṣẹ́ tó ní ọjọ́, aago àti ibì kan pàtó, bí ẹ ò bá wá, ẹnì kan á béèrè yín.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Iṣẹ́ alẹ́ kan gba èèyàn mẹ́fà. Bí kálukú bá ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, méjìlá ló tó lórí ìwé. Àmọ́ ibà wà, ìdánwò wà, ẹni tó kàn rẹ̀ wà. Ẹ fi mẹ́fà lé e, ó di méjìdínlógún. Ẹ̀yin ogún, alẹ́ kan lọ́sẹ̀ lẹ lè gbé, kò ju bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alẹ́ mẹ́ta máa ń kú kí sáà kejì tó parí, ìtìjú ni kò sì ní jẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kálẹ́ńdà ilé ìwé ló ń pa ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó ń sùn níta ò ní ìsinmi. Ìgbà tí òtútù tàbí òjò ń pọ̀ lè bọ́ sí ìgbà ìdánwò gan-an. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ìdánwò, ẹ kọ̀wé fún ilé ìsùn-alẹ́ pé ọjọ́ báyìí sí báyìí, mẹ́ta péré lára wa ló máa lè wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé òbí wọn wà nítòsí, àwọn òṣìṣẹ́ fásitì, àwọn tó ń kàwé gboyè kejì: àwọn wọ̀nyí ni ẹ máa fi di àlàfo ìsinmi, oṣù méjì ṣáájú sì ni kí ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sọ fún àwọn tí ẹ ń bẹ̀ wò lójúkojú pé ẹ ò ní sí níbẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ máa padà. Ó sàn ju kí wọ́n jókòó máa retí yín lọ.

Olórí: kí ó má jẹ́ ẹni tó wà ní ọdún àṣekágbá. Mo mọ̀ pé òun ló gbọ́n jù nínú yín. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ agbani-nímọ̀ràn. Ipò kọ̀ọ̀kan ní èèyàn méjì, ọ̀kan ti pẹ́, ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àárín sáà kejì ni kí ẹ dìbò, kì í ṣe ìparí rẹ̀, kí olórí tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ lè jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Íméèlì ẹgbẹ́ jẹ́ ti ipò, kì í ṣe ti èèyàn. Àkáǹtì báńkì ní olùbuwọ́lù méjì, kí ọ̀kan jẹ́ olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ fásitì tí kò ní gboyè jáde.

Kí ẹ sì ní ìwé kan tí ẹ máa fi lé ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀. Kì í ṣe ìtàn ẹgbẹ́ ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ ilé oúnjẹ tó máa ń fún yín àti ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ ilẹ̀kùn ilé ìsùn-alẹ́ tó máa ń há, bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ẹ kọ ohun tí ẹ dán wò tó bàjẹ́, àti ìdí tó fi bàjẹ́. Apá yẹn gan-an làwọn èèyàn máa ń fò, tí ọwọ́ tuntun á fi tún lọ se oúnjẹ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

* * *

Ẹni tó béèrè tún kọ̀wé: «Mo ti gbọ́. Àmọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí, a ti ra nǹkan oúnjẹ sílẹ̀, a sì ti sọ fún èèyàn. Kí la ṣe?»

Ẹ pe ilé ìsùn-alẹ́ lónìí, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba oúnjẹ tí a ò tíì sè. Ọ̀pọ̀ máa gbà á tí ẹ ò bá tíì já ọ̀rá rẹ̀. Kí ẹni méjì gbé e lọ, kì í ṣe ogún. Kí wọ́n mú ìwé àti bírò dání pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta tí mo kọ sókè yẹn, kí wọ́n sì béèrè ẹni tó ń ṣètò alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nínú ẹni méjì yẹn, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní.